Ohun Tí Ẹ̀yìn Káńtà GP Fi Yé Mi

Èèyàn kì í fẹ́ràn àwa tí a máa ń jókòó ní káńtà GP, ìyẹn ilé ìwòsàn dókítà àdúgbò, mo sì mọ̀. Níbi ìkómọ kan, ọkọ ọ̀rẹ́ mi ń bínú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn: "Àwọn obìnrin tó máa ń gbé fóònù yẹn, wọ́n á máa ṣe bíi pé àwọn gan-an ni dókítà. Kí ló kàn wọ́n nínú ohun tó ń ṣe mí?" Mo rọra ń jẹ ìrẹsì mi. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí, láàárín Peckham sí Old Kent Road. Wọ́n kà wá sí aṣọ́bodè tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa dá èèyàn padà lọ.

Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì ní sọ ti aláìsàn kankan débi tí ẹnikẹ́ni á fi dá a mọ̀. Àmọ́ mo ti jókòó síbẹ̀ pẹ́ tó láti mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹnì kan rí dókítà lọ́jọ́ tó pè, tí ẹnì kejì tí àìsàn tirẹ̀ le jù á sì máa dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, lọ́pọ̀ ìgbà. England nìkan ni mo ń sọ o. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn.

Ìforúkọsílẹ̀ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ilé, tí ara ò bá yá, ọsibítù lèèyàn máa gbà lọ. Á ra káàdì, wọ́n á wá fáìlì rẹ̀ jáde tàbí kí wọ́n ṣí tuntun, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀. Ó lè pẹ́ títí di ọ̀sán, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló máa rí dókítà. Níbí, ó yẹ kí orúkọ yín ti wà lọ́dọ̀ GP kan kí àìsàn tó dé rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé òun ti san owó ìlera mọ́ owó físà, òun wá ń retí kí wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí òun. Owó ọ̀hún kì í ṣe kékeré lóòótọ́: £1,035 ni fún àgbàlagbà kan lọ́dún kan láti oṣù kejì 2024. Ṣùgbọ́n kò sí káàdì kankan tó ń bọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá GP tó ń gba àwọn ará àdúgbò yín, tí ẹ máa kún fọ́ọ̀mù, yálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí ìwé tí wọ́n ń pè ní GMS1.

Fọ́ọ̀mù yẹn ò béèrè físà. Kò pọn dandan kí ẹ mú páàsípọ́ọ̀tù wá, tàbí ìwé owó iná, tàbí ìwé ilé tí ẹ rẹ́ǹtì. A lè béèrè wọn, torí ó máa ń jẹ́ kó rọrùn láti wá àkọsílẹ̀ yín kàn, ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá ní wọn, a ò gbọdọ̀ torí ìyẹn lé yín padà. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn kan wà láàárín wa tí ìwé wọn ti tán, tí ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Oògùn tí ẹnì kan kó sínú báàgì wá láti Èkó ni wọ́n fi ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà. Rírí dókítà GP, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ẹni tó bá wà ní England, títí kan àlejò. Ọsibítù ńlá ni ọ̀rọ̀ owó ti yàtọ̀ fún àlejò.

Àwọn ìyá tó wá bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun ńkọ́? Tí wọ́n bá máa lò ju ọjọ́ kan lọ ládùúgbò, tí kò sì ní tó oṣù mẹ́ta, a lè fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí wọ́n kó páálí oògùn wọn dání láti ilé o, kì í ṣe kóró oògùn tí wọ́n tú sínú ọ̀rá. "Ọ̀kan funfun, ọ̀kan rẹ́súrẹ́sú tí mo máa ń lò lálẹ́" ò lè ran dókítà kankan lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí náà tún wà níbẹ̀. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lórí fóònù, torí òun ni kọ̀ǹpútà fi ń wá èèyàn jáde kíákíá. Orúkọ tiwa gùn, ìṣọwọ́kọ rẹ̀ sì lè yàtọ̀ láti ìwé kan sí ìkejì. Àwọn àgbà wa kan sì ní ọjọ́ ìbí méjì: èyí tí ìyá wọn mọ̀, àti èyí tí wọ́n fi gba páàsípọ́ọ̀tù. Mo wá bàbá kan títí lórí kọ̀ǹpútà, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé wọn ò sí lọ́dọ̀ wa, ni ìyàwó wọn bá ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ fún wọn ní ti òyìnbó!" Ti òyìnbó ni kí ẹ máa fún wa.

Ó wá ku aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ. Ìgbà yẹn ni fóònù wa ń ṣí, kò sì ní í pẹ́ tí ìlà á fi gùn, tí ẹ̀rọ á máa sọ fún yín iye èèyàn tó wà níwájú yín. Mọ́ńdè ló burú jù, àti ọjọ́ tó bá tẹ̀lé ọlidé, torí gbogbo ohun tó ti ń ro èèyàn láti Fúráìdè ló máa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn gbà pé tí àwọn ò bá ti wọlé láago mẹ́jọ, ọjọ́ ti lọ nìyẹn. Mi ò ní purọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tí kò tíì kúrò níbẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n láti 2023, ohun tó wà nínú àdéhùn ìjọba pẹ̀lú àwọn GP ni pé ẹni tó bá kàn sí wa, ìgbà tó kọ́kọ́ kàn sí wa yẹn ló yẹ ká mọ ohun tó nílò, ká sì sọ ibi tó kàn fún un. A ò kàn gbọdọ̀ ní kó pè padà lọ́la. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2025 sì ni fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń sọ ohun tó ń ṣe yín fún wa ti gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, fún ohun tí kì í ṣe kánjúkánjú.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ béèrè èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ló ń wá láago mẹ́jọ? Ẹ jẹ́ kó di aago mọ́kànlá. Ìgbà yẹn la máa ń ráyè fún yín, a tiẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà tó fẹ́ràn kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá, ẹ̀tọ́ wọn ni. Bí ẹ bá ti wọlé wá bá wa, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ padà sílé lọ fi fóònù pè.

Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí ni ìbéèrè tó ń bí ọkọ ọ̀rẹ́ mi nínú: Kí ló ń ṣe yín? Kì í ṣe òfófó. Wọ́n kọ́ wa ní ohun tó yẹ ká béèrè, wọ́n sì kọ àwọn àmì ewu sílẹ̀ síwájú wa. Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà á kà á, á wá tò yín sílẹ̀: eléyìí lónìí, eléyìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, eléyìí kí nọ́ọ̀sì rí i. Dókítà yẹn ò gbọ́ ohùn yín, kò sì rí ojú yín. Tó bá jẹ́ "ara rẹ̀ ò yá" nìkan ni mo rí tẹ̀, ibo lẹ fẹ́ kó tò yín sí?

Àwa sì rèé, a kì í dárúkọ àìsàn. Ilé ni wọ́n ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, "ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀" la ó sọ. Ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí tíátà, "wọ́n lọ rí dókítà" ni. Mo gbé fóònù kan lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ Yorùbá nínú òyìnbó màmá náà, mo bá kí wọn.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Háà! Ọmọ wa ni! Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́ mà. Kí ló ń ṣe yín mà?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò sí nǹkan burúkú kan. Mo kàn ní kí n rí dókítà ni."

"Ó dáa mà. Kí lẹ fẹ́ kí dókítà bá yín wò?"

"Ó rẹ̀ mí ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé àgbà ti dé."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ mà?"

"Òru àná."

Òru àná kẹ̀! Àgbà kì í dé lóru ọjọ́ kan. Mo ní, "Mà, ṣé ibì kan ń dùn yín?"

"Àyà ló kàn ń fún mi pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ sí apá òsì. Mo ti fi róòbù pa á."

Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti GP nìyẹn, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ló kàn. Bí ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń pe áńbúláǹsì lórí fóònù kejì, màmá ṣì ń bẹ̀ mí pé kí n fún àwọn ní Ọjọ́rú, torí ọmọ àwọn ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, òun ló máa gbé àwọn wá.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà náà ni pé kí wọ́n kí wa tán, kí wọ́n wá sọ ibi tó ń dùn wọ́n, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ń le sí i, ohun tí wọ́n ti lò sí i. Tí àgbo bá wà nínú ohun tí ẹ ti lò, ẹ dárúkọ àgbo. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. "Orí ń fọ́ mi láti ọjọ́ mẹ́ta, apá ọ̀tún nìkan ni, paracetamol ò ràn án, ojú mi sì ń ṣe bàìbàì láti àárọ̀." Ẹni tó bá sọ báyìí, kò ní bá mi jà kí n tó gbé e síwájú dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ sì sọ ohun tó wà lára yín tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó lóyún, ẹ má rò pé a mọ̀ nítorí pé ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé ibi tí mo ti ń wá ààyè fún yín kọ́ ló wà. Pàápàá jù lọ ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde: tí ibà bá mú un, orúkọ àrùn yẹn ni kó kọ́kọ́ sọ kó tó sọ ibà.

Àwọn tó ń bù ú kún náà wà o. Bọ̀ọ̀dá kan máa ń pariwo pé òun ń kú lọ, tó bá wá wọlé, èékánná ẹsẹ̀ ni. Dókítà náà ti mọ̀ wọ́n. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le lóòótọ́ ló máa pa yín lára.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ ọkàn, tàbí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ẹ ò fẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn yín nínú ìlà gbọ́, ẹ ní kí a jọ sọ̀rọ̀ níbi kọ́lọ́fín kan, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kódà, "ọ̀rọ̀ abẹ́ ni, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ síbí" ti yàtọ̀ sí pé kí ẹ sọ pé ẹ̀yìn ló ń dùn yín. Ẹ lè ní dókítà obìnrin lẹ fẹ́, tàbí ọkùnrin. Ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n a máa ń gbìyànjú. Ẹ sì lè ní kí obìnrin mìíràn dúró ti yín nígbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ yín wò.

Ẹ̀yìn tó ń dunni yìí, àwọn ọkùnrin wa ló ni ín. Wọ́n á gba àpọ́íńtìmẹ́ǹtì lórí ẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n bá wọlé tán ni wọ́n á máa rọra sọ pé ìtọ̀ ò dá mọ́, pé àwọn ń dìde lóru. Ní ilẹ̀ yìí, ọkùnrin dúdú kan nínú mẹ́rin ni jẹjẹrẹ pírósíteètì máa ń mú nígbà ayé rẹ̀. Tí ẹ bá kó gbogbo ọkùnrin pọ̀, ẹnì kan nínú mẹ́jọ ni. Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 45, kò dìgbà tí nǹkan bá ń ṣe yín. Ẹ pè, kí ẹ sọ pé: "Ọkùnrin dúdú ni mí, mo ti lé ní ọmọ ọdún 45, mo fẹ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò PSA." Kò sí àlàyé tí ẹ tún fẹ́ ṣe fún èmi. Àyẹ̀wò pírósíteètì ni PSA yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń fà fún un, kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń rò yẹn.

Ohun mìíràn tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni kí n fún èèyàn ní ẹni tí kì í ṣe dókítà. "Mo ní dókítà ni mo fẹ́ rí, ẹ ń fún mi ní kẹ́míìsì!" Lóòótọ́, ní ilé, ẹni tó ń ta oògùn lójú pópó lè má tiẹ̀ kàwé oògùn. Ti ibí ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2024, àwọn kẹ́míìsì ní England ti lè yẹ èèyàn wò fún àìsàn méje, kí wọ́n sì fún un ní oògùn apakòkòrò láìsí ìwé dókítà: ọ̀fun dídùn wà níbẹ̀, etí ríro fún àwọn ọmọdé, ìtọ̀ tó ń ta obìnrin láàárín ọmọ ọdún 16 sí 64, àti ojú ibi tí kòkòrò ti jẹ èèyàn tó wá ń wú. Ẹ lè rìn wọ ibẹ̀ tààrà láìpe èmi rárá. Tí ẹ bá ti pé ogójì ọdún, tí wọn ò tíì sọ pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ wọn á wò ó fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Aláboyún náà, kò dìgbà tó bá rí dókítà GP kó tó rí agbẹ̀bí; ó lè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọsibítù tó wù ú. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá fún ọjọ́ méjì, tí máníjà rẹ̀ ní kó lọ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kó padà lọ sọ fún máníjà pé òfin ò béèrè ìyẹn. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i pé ara òun ò yá. Àpọ́íńtìmẹ́ǹtì tí irú ìwé yìí ń gbé lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣàìsàn gan-an, ó pọ̀. Oògùn tí ẹ máa ń lò lóṣooṣù náà ò gba kí ẹ rí dókítà. Orí áàpù NHS, ètò ìlera ìjọba, lẹ ti máa tẹ̀ ẹ́, kẹ́míìsì tí ẹ yàn á sì gbà á. £9.90 ni fún oògùn kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń sanwó. Ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún kì í san, aláboyún kì í san, ẹni tó bímọ tí ọmọ rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan náà kì í san, ṣùgbọ́n kí ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ o.

Áàpù yẹn máa ń ba àwọn àgbà lẹ́rù, àwọn ọmọ ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Kò burú. Ohun tó burú ni kí ọmọ máa wọlé pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀ bíi pé òun ni ìyá, torí ìgbà tí dókítà bá fèsì, a ò mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù wà lọ́dọ̀ wa tí ìyá fi lè yọ̀ǹda fún ọmọ kó máa bá a gba àpọ́íńtìmẹ́ǹtì àti oògùn lórí fóònù tirẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ ní káńtà.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ ya fọ́tò ohun tó sú sí yín lára, ẹ dúró lẹ́bàá fèrèsé lójú ọ̀sán, ẹ má fi iná fóònù yà á. Ẹ ya ọ̀kan súnmọ́, ẹ ya ọ̀kan tó máa jẹ́ kí wọ́n rí ibi tó wà lára. Lára àwa dúdú, ohun tí wọ́n ń pè ní pípọ́n kì í sábà pọ́n. Ó lè dúdú sí i, ó lè rí bí àwọ̀ eérú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara yín ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti bóyá ó gbóná tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Mo ti rí fọ́tò tí gbogbo rẹ̀ dúdú kirikiri, tí dókítà kàn wò ó tí ó ní kí n pe onítọ̀hún wá.

Ẹni tí òyìnbó ò já geere lẹ́nu rẹ̀, kò yẹ kó mú ọmọ dání láti túmọ̀ fún un. Mo rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà kan tó dúró láàárín ìyá rẹ̀ àti nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ló délẹ̀. Ọmọkùnrin ni. Ìyá ò lè sọ ọ́ fún ọmọ, ọmọ ò lè sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú panadol. Ògbufọ̀ Yorùbá wà, lórí fóònù tàbí lójúkojú, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń gba àpọ́íńtìmẹ́ǹtì ni kí ẹ sọ ọ́, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá dé, torí a ní láti wá ògbufọ̀ sílẹ̀, a sì máa ń fi àkókò kún un.

Àkókò gan-an, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni sábàá. Ẹ ò lè kó orúnkún, ojú, oorun àìsùn àti ìwé tí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ béèrè sínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá ju ohun kan lọ, ẹ sọ fún wa ká fún yín ní ilọ́po méjì. Tí ẹ bá sì wọ yàrá dókítà, èyí tó ń bà yín lẹ́rù jù ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Àwọn èèyàn wa máa ń fi í sẹ́yìn, tí wọ́n bá ti di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú ni wọ́n á wá ní, "Ẹ gbà mí o dókítà, kókó kan wà lọ́mú mi."

Ẹ má pẹ́. Ẹni tí àpọ́íńtìmẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ aago mẹ́wàá tó dé ní mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógún, dókítà lè kọ̀ ọ́, èmi ni yóò sì gba èébú rẹ̀. Tí ẹ ò bá lè wá mọ́, ẹ tẹ ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín kí ẹ sì fagi lé e. Ẹlòmíì á gbà á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Tí wọ́n bá já yín kulẹ̀ níbi kan, ẹ má bá òṣìṣẹ́ káńtà jà. Ẹ kọ̀wé sí máníjà ibẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i. Lẹ́tà ni wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn. Ariwo, wọ́n á kàn pa fóònù ni.

Fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tó ń ṣe àṣemọ́jú, tí wọ́n á ní àwọn ò ráyè: láti oṣù kẹwàá 2022 ni àwọn GP tó wà ládùúgbò kan náà ti ń pawọ́ pọ̀ gba èèyàn láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, àti láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó lè má jẹ́ ilé tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ní kí ẹ lọ, ó lè jẹ́ èyí tó wà ní òpópónà kejì, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yín á ti wà níwájú wọn. Ojú ìwé tirẹ̀ yàtọ̀ lórí kọ̀ǹpútà wa, tí ọwọ́ bá sì dí, ẹni tó gbé fóònù lè má ṣí i tí ẹ ò bá dárúkọ rẹ̀. Ẹ sọ pé "enhanced access" lẹ fẹ́, kí ẹ sì sọ bóyá dókítà ni tàbí nọ́ọ̀sì.